Bí Ogún Ọmọdé Bá Tú Ká

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Nígbà tí ọ̀rẹ́ bá ń dágbére fún ọ̀rẹ́ ni a máa ń pa òwe yìí, a sì máa ń pa á pẹ̀lú ìmí-ẹ̀dùn díẹ̀, bí ẹni pé títúká ni òpin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, òwe náà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú mìíràn hàn wá. Òtítọ́ ni pé ogún ọmọdé yóò tú ká: ọ̀kan yóò lọ sí oko, èkejì yóò gba ọ̀nà òkun lọ, ẹ̀kẹta yóò sì wọ ilé ọkọ ní ìlú tí àwọn yòókù kò dé rí. Síbẹ̀ eré tí wọ́n jọ ṣe kì í tán bẹ́ẹ̀. Ó máa ń yí padà ni. Ó di gbígbọ́ ìròyìn ara ẹni, ó di bíbá ara ẹni yọ̀, ó sì di bíbá ara ẹni jókòó nígbà tí ìdí ayọ̀ kò bá sí mọ́. Èyí ni ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa rò ní ọdún yìí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. A kò ní í to ọ̀rọ̀ náà bí ìwé ẹ̀kọ́. Bí ó ti ń wá sí wa lọ́kàn ni a ó máa sọ ọ́.

Kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni a ti ń ṣeré. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọdé a tú jáde sí ìta gbangba, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a máa ja ìjàkadì, àwọn àgbà a sì jókòó ti ọpọ́n ayò lábẹ́ igi ní ọ̀sán. Ihò méjìlá ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a sì ń fi sínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá mọ ayò ta tí ó sì borí ni à ń pè ní ọ̀ta, ẹni tí a bá pa ni ọ̀pẹ. Ẹni méjì péré ni ó ń ta ayò, ṣùgbọ́n ẹ wo iye ènìyàn tí ó máa ń yí wọn ká! Wọ́n ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń ki ọ̀ta, wọ́n ń jiyàn lórí ayò tí kì í ṣe tiwọn bí ẹni pé ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n ń jà lé lórí. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ọ̀ta àti ọ̀pẹ a jọ rìn lọ sí ilé, ẹni tí ó bá ní obì lápò a sì bù ú fún ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé kò sí eré tí kò ní ọ̀pẹ, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀pẹ òní lè di ọ̀ta ní ọ̀la.

Nígbà tí ilé-ìwé dé, ó mú eré tirẹ̀ dání. Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ni ọjọ́ ńlá fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, wọ́n sì ń pè é ní Ẹ́ńpáyà Dè. Àwọn ọmọ a wọ aṣọ tí a fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, wọn a yan bí ọmọ ogun níwájú Ajẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà wọn a sá eré ìje, wọn a sì fa okùn. Ìjọba tí ó dá ọjọ́ náà sílẹ̀ ti lọ, ọjọ́ náà sì ti bá a lọ, ṣùgbọ́n eré kò lọ. Ní ilé-ìwé ìjọ tí àwa lọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, olùkọ́ wa máa ń fi eérú fa ìlà sí ojú pápá ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìdíje. Bí òjò bá rọ̀ ní òru, a tún gbogbo rẹ̀ fà ní òwúrọ̀ láì kùn.

Nínú gbogbo eré ọjọ́ náà, èyí tí a fẹ́ràn jù ni eré ìje tí ènìyàn mẹ́rin ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Àwa mẹ́rin kan wà tí a jọ ń sá a fún ilé wa. Ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ kò yára rárá. Bí ó bá dá sáré, òun ni ó ń gbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pá bọ́. Ẹnìkejì jẹ́ aláwàdà, ẹ̀rín ni ó máa ń fi gba ọ̀pá, ẹ̀rín ni ó sì máa ń fi í lé wa lọ́wọ́. Àwa ni ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin ni ó yára jù nínú wa, òun ni ó ń já okùn tí a ta sí ìparí ìlà, nítorí náà òun ni àwọn ènìyàn máa ń gbé lé èjìká. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tí a kò gbàgbé: bí wọ́n bá ti gbé e sókè, yóò na ọ̀pá náà sí wa nísàlẹ̀ kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa lè fi ọwọ́ kàn án. Ọmọdé ni wá nígbà náà, a rò pé eré ni ó ń ṣe. Nísinsin yìí a mọ̀ pé ó ń sọ fún gbogbo pápá pé ọ̀pá ni ó dé ilé, àti pé ẹsẹ̀ òun nìkan kọ́ ni ó gbé e dé.

Ẹ jẹ́ kí a fi pápá ilé-ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí a lọ sí pápá ayé. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, Tóbi Amúsan tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde dúró lórí ìlà láti sá eré ìje 100 mítà tí a fi igi dábùú. Igi mẹ́wàá ni olúsáré ń fò nínú eré yìí. Gíga igi kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83.8, mítà 8.5 ni ó sì wà láàárín igi kan àti èkejì. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni olúsáré ń gbé láàárín igi méjì kí ó tó tún fò. Bí ìṣísẹ̀ kan bá kúrú tàbí bí ó bá gùn jù, igi a kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kò sí àyè láti bojú wo ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Nínú eré tí ó ṣáájú àṣekágbá, ó dé ilé ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12, ó sì borí 12.20 tí Kendra Harrison ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sá ní London ní ọdún 2016. Kò sí obìnrin kan ní gbogbo ayé tí ó tíì yára tó bẹ́ẹ̀ nínú eré náà rí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan náà ó tún sá àṣekágbá, ó sì dé ní 12.06. Afẹ́fẹ́ tí ó ń ti àwọn olúsáré lẹ́yìn ní ìgbà náà ju ìwọ̀n tí òfin gbà lọ, nítorí náà a kò kọ àkókò yìí sílẹ̀ bí èyí tí ó borí ti ìṣáájú. Ṣùgbọ́n wúrà ni ó gbà, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà ní ìdíje àgbáyé náà.

Ọ̀gànjọ́ òru ni ó jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Síbẹ̀ igbe ayọ̀ sọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò wa, àwọn tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí sì ń dì mọ́ ara wọn. Àwa pẹ̀lú dìde lórí àga. Nígbà tí wọ́n kọ orin orílẹ̀-èdè wa, tí omijé sì ń dà lójú ọmọbìnrin náà, kò sí ẹni tí ó bèèrè ẹ̀yà tàbí ìjọ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Paris, ó sáré títí dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá, kò sì lè kọjá ibẹ̀. A gbọ́ ohùn àwọn kan nínú ọjà ní ọ̀sẹ̀ náà tí wọ́n ń sọ pé ìgbà tirẹ̀ ti kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ní Tokyo, ó gba ipò kejì nínú gbogbo ayé pẹ̀lú 12.29, Ditaji Kambundji ti ilẹ̀ Switzerland ni ó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú 12.24. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ń fo igi gbọ́dọ̀ mọ méjèèjì: kí ó wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tí ó gbé e ṣubú, kí ó sì tún kọjú sí igi tí ó kàn.

A tún fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ rántí Fálílátù Ògúnkọ́yà. Ní Òlíḿpíìkì ti Atlanta ní ọdún 1996, ó sá eré ìje 400 mítà fún àwọn obìnrin ní ìṣẹ́jú àáyá 49.10, ipò kẹta ni ó sì gbà. Marie-José Pérec ti ilẹ̀ Faransé ni ó ṣe èkínní, Cathy Freeman ti ilẹ̀ Ọsirélíà ni ó ṣe èkejì. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn èyí, ní Sydney, Cathy Freeman yìí kan náà gba wúrà nínú eré náà ní 49.11. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn. Eré tí ó gba ipò kẹta ní ọdún 1996 yára ju èyí tí ó gba wúrà ní ọdún 2000 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni. Nítorí náà ipò tí a gbà kò dá lórí ẹsẹ̀ wa nìkan. Ó dá lórí àwọn tí a bá pàdé lórí ìlà ní ọjọ́ náà pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ó bá fi ipò kíláàsì nìkan wọn ọmọ, tí kò wo bí ọmọ náà ti sáré tó, kò tíì wọn ọmọ náà.

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí rọrùn láti sọ, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn jìnnà sí wa. Ayọ̀ ẹni tí ó jìnnà kì í ná wa ní nǹkan kan. Kò sí ẹni tí yóò bi wá pé kí ni ó dé tí àwa náà kò sá 12.12. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, tí a jọ pín àkàrà jẹ, tí pàṣán olùkọ́ kan náà bà wá, bí òun bá ṣe ohun ńlá, ìròyìn rẹ̀ a máa wọ ilé wa pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ìwọ ńkọ́?" Ìbéèrè yìí ni ó ń mú kí ẹni tí ó hó ye fún àjèjì ní òru fi ọwọ́ lẹ́rán nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ bá ń ṣí ilé. Bíbá ẹni tí ó súnmọ́ ni yọ̀ jẹ́ eré tí a ń kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ ìṣísẹ̀ mẹ́ta láàárín igi méjì.

Inú wa dùn láti sọ ìròyìn àwọn ọ̀rẹ́ wa, láì dá orúkọ wọn. Ẹni tí ó yára jù nínú wa di káfíńtà. Ọdún mẹ́tàlá ni ó fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta. Ní ọdún kan yóò mọ ògiri, ní ọdún kejì yóò dúró, ní ọdún kẹta yóò ra pákó díẹ̀ tì. Ní ọdún tí ó kọjá ni ó kan òrùlé, tí ó sì pè wá sí ìṣílé. Bí a ti ń jẹun lọ́wọ́, ẹnìkan nínú àwọn àlejò sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Níbo ni káfíńtà ti rí owó báyìí lójijì?" Ọ̀rẹ́ wa tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ eré gbọ́ ọ, ó sì dá a lóhùn pé, "Ṣé ìgbà tí o rí i tí ó já okùn ni o rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sáré ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, oúnjẹ sì tún dùn lẹ́nu.

Ọmọ kíláàsì wa obìnrin kan wà tí ó máa ń bu omi fún wa lẹ́yìn eré. Ó mọ ìwé jù wá lọ, ṣùgbọ́n owó tí ó wà nínú ilé wọn nígbà náà kò ju ti ọmọ kan lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n sì fi í rán lọ sí ilé-ìwé. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó tọ́ ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, òun náà ra ìwé, ó sì ń kàwé ní alẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọmọ ọdún 61 ni nígbà tí ó gba oyè. A lọ síbẹ̀, a rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó dé fìlà oyè ìyá àgbà sórí, tí kò sì fẹ́ bọ́ ọ. Kò sí ẹni tí ó bá a sáré lórí ìlà kejì, kò sì sí ẹni tí ó ń ka ìṣẹ́jú àáyá fún un. Òun nìkan ni ó mọ iye igi tí ó fò.

Ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ eré, tí ó máa ń gbẹ̀yìn bí ó bá dá sáré, ni ó wá di olùkọ́ eré ìdárayá nínú wa. Abúlé kan ni wọ́n rán an lọ. Nígbà tí ó dé ibẹ̀ kò bá pápá. Igbó àti òkìtì ọ̀gán ni ó bá. Òun àti àwọn ọmọ fi àdá àti ọkọ́ tu ibẹ̀ fún sáà méjì, ó sì fi eérú fa ìlà sí i bí olùkọ́ wa ti ń ṣe. Ó ti fẹ̀yìn tì nísinsin yìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sí pápá náà ní ìrọ̀lẹ́. Láìpẹ́ yìí àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé náà lọ bá àwọn ilé-ìwé ìlú du eré ọlọ́pàá, wọ́n sì gba ipò kẹta. Ìlù dùndún ni àwọn ará abúlé fi lọ pàdé wọn ní oríta. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìlù náà láti òkèèrè yóò rò pé ọba ni ó ń bọ̀. A bi ọ̀rẹ́ wa bí kò bá dùn ún pé wọn kò ṣe èkínní. Ó ní, "Ní ọjọ́ tí mo dé ibí, wọn kò ní ibi tí wọn yóò ti gbẹ̀yìn pàápàá."

Ìròyìn ayé pẹ̀lú ń kọ́ wa pé kí a má ṣe yára dá ènìyàn lẹ́jọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ní London, Adémọ́lá Lookman, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ síbẹ̀, ni ó gbá pẹnáritì fún ẹgbẹ́ Fulham ní ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn. Ó fẹ́ rọra gbé bọ́ọ̀lù gba àárín lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, aṣọ́lé sì mú un bí ẹni mú ọsàn tí ó jábọ́. Ẹ̀gàn tí wọ́n fi kàn án ní ọ̀sẹ̀ náà pọ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ní Dublin, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹta fún Atalanta, wọ́n sì na Bayer Leverkusen ti Jámánì ní 3 sí 0, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí nínú ìdíje 51. Kí ọdún náà tó parí, òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jùlọ ní Áfíríkà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pa ìwé rẹ̀ dé ní ọdún 2020, orí tí ó dùn jù ni ìbá má kà.

Bákan náà ni ìlú Rabat ní ilẹ̀ Mòrókò ṣe fún wa ní ọdún 2025. Ní oṣù keje, àwọn obìnrin wa bá Mòrókò du ife ilẹ̀ Áfíríkà níbẹ̀, lójú àwọn onílé. Wọ́n ti gbá méjì wọlé wa kí a tó ní ẹyọ kan, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin náà kò jẹ́ kí ara wọn domi. 3 sí 2 ni ó parí sí, ife náà sì di ìkẹwàá. Ní oṣù kọkànlá, ní ìlú Rabat yìí kan náà, pẹnáritì ni Kóńgò Kinshasa fi borí àwọn ọkùnrin wa, ọ̀nà Ife Àgbáyé ti ọdún 2026 sì dí mọ́ wa. Nínú oṣù mẹ́rin, ìlú kan mú wa jó, ó sì mú wa fi ọwọ́ lérí. Ṣé ẹni tí ó bá wa jó ní oṣù keje kò yẹ kí ó bá wa jókòó ní oṣù kọkànlá?

Ọ̀rọ̀ jíjókòó yìí gan-an ni ó wà lọ́kàn wa. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, Ràṣídì Yẹkíní gbá bọ́ọ̀lù wọlé Bọ̀lùgéríà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ife Àgbáyé. Ó sáré wọ inú ilé bọ́ọ̀lù, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó sì ń ké pẹ̀lú omijé. Gbogbo wa ni a bá a ké. Bọ́ọ̀lù 37 ni ó gbá wọlé fún orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún tí ó kẹ́yìn ayé rẹ̀, Ìbàdàn ni ó ń gbé, ó yẹra fún àwùjọ, ara rẹ̀ kò sì yá. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún 2012 ni ó kú, ọmọ ọdún 48, wọ́n sì sin ín ní Ìrá ní ilẹ̀ Kúwárà. Nígbà náà ni gbogbo ilẹ̀ tún gbé àwòrán rẹ̀ jáde, ọwọ́ rẹ̀ nínú àwọ̀n. Nígbàkígbà tí a bá rí àwòrán náà, a máa ń rò ó pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó bá ọwọ́ náà yọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó dì í mú lẹ́yìn tí ó jáde kúrò nínú àwọ̀n.

Ọ̀rẹ́ wa aláwàdà, tí ó máa ń fi ẹ̀rín gba ọ̀pá, ni àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń fà lẹ́nu rẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, ilé rẹ̀ kún. Ní oṣù kẹfà, àga ṣófo. Káfíńtà wa ni ó kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, ó sì ní kí a máa gba ibẹ̀ lọ bí a ti ń gba ọ̀pá, ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan, kí ilé náà má ṣe ṣófo ní ọjọ́ Sátidé kankan. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe títí di òní. A máa ń sọ fún un ẹni tí ó borí àti ẹni tí ó fìdí rẹmi, òun náà a sì máa bi wá nípa àwọn ọmọbìnrin abúlé náà. Lẹ́yìn náà a ó gbé ọpọ́n ayò síwájú rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni ó fi ń ta á. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í na ọwọ́ òsì sí ènìyàn, ó sì kọ́kọ́ ń tijú nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni nínú wa tí ó kà á sí. Ní Sátidé tí ó kọjá ó pa wá ní ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra. Ó ṣe díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò jáde, "Ọ̀pẹ!" ni ó pè wá, ẹ̀rín ọjọ́sí sì bọ́ sí ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá tún ń pín ẹ̀bùn ní ọjọ́ eré, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò gba nǹkan kan kọ́ láti pàtẹ́wọ́ tọkàntọkàn, kí ẹ sì wo ojú wọn bí wọ́n ti ń pa á, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó ṣòro jù ní ọjọ́ náà ni wọ́n ń kọ́. Ẹ dárúkọ ẹni tí ó fa ìlà àti ẹni tí ó bu omi. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ wo ẹni tí ó jókòó tì yín lórí bẹ́ǹṣì dáadáa. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìròyìn rẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ yín láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ẹ tètè lọ kí i, kí ẹ má ṣe dúró dé ìgbà tí tiyín yóò fi dé. Bí ó bá sì jẹ́ òmíràn, ẹ mú àga dání, nítorí ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ó jó ti lọ sí ilé. Ire o.